Ẹ̀yìn Rẹ̀ ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Yan Kápẹ́ẹ̀tì Àtijọ́ ti Tibet, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti Tibet, ilẹ̀ olókè gíga ní Éṣíà, mọ bó ṣe ń tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Dírágónì á máa wò yín lójú, òdòdó á máa dán, ìtàn á sì tẹ̀ lé e: ilé àwọn mọ́ńkì ni wọ́n ti gbé e jáde, ó ti lé ní ọdún 200. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ wá ní kó yí i dójú dé. Ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ lè da àwòrán orí kápẹ́ẹ̀tì kọ. Ẹ̀yìn rẹ̀, irun àgùntàn tí wọ́n fi hun ún, àti bí àwọ̀ ṣe rí ní ìdí irun, ìyẹn ló ṣòro láti fi parọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ti ẹ̀yìn wá sí iwájú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí ọ̀rọ̀ àwòrán á sì gbẹ̀yìn.

Ohun tẹ́ ẹ ó mú dání kò pọ̀: téèpù, rúlà, tọ́ọ̀ṣì kékeré, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú, aṣọ òwú funfun kan, omi díẹ̀, fóònù fún fọ́tò. Ẹ lọ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n gbé ọjà náà sún mọ́ fèrèsé. Iná ṣọ́ọ̀bù máa ń jẹ́ kí pupa dùn ún wò ju bó ṣe rí lọ.

Bí wọ́n ṣe ń hun ún

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe hun nǹkan kò lè mọ ibi tí wọ́n ti tún un ṣe. Nínú iṣẹ́ Ìráànì tàbí ti Tọ́kì, ahunṣọ á ta kókó kan, á gé e, á ta òmíràn. Ti Tibet yàtọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, onírin tàbí onígi, ni wọ́n ń gbé dábùú iwájú òfì. Fọ́nrán irun àgùntàn á lọ yí fọ́nrán ìnàró méjì ká, á padà wá gun orí ọ̀pá, á tún lọ yí méjì mìíràn ká, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí àwọ̀ á fi yí padà. Tí ọ̀wọ́ kan bá pé, wọ́n á fi òòlù lu ọ̀pá náà kó jókòó dáadáa, wọ́n á wá fa ọ̀bẹ lórí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Gbogbo ojúbọ̀ tó wà lórí ọ̀pá á là, ọ̀pá á bọ́ sọ́wọ́, irun á dúró. Fọ́nrán ìbú á kọjá, wọ́n á fi òòyà ńlá lù ú mọ́lẹ̀, ó di ọ̀wọ́ tuntun. Bí ọ̀pá bá ṣe nípọn tó ni irun á ṣe gùn tó.

Èyí máa ń fi àmì sílẹ̀ lójú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sára rẹ̀, ẹ ó rí i pé irun náà tò ní ìlà-ìlà bí aporo oko. Bákan náà, torí pé fọ́nrán rẹ̀ nípọn, kókó rẹ̀ kì í pọ̀, àwòrán rẹ̀ kì í sì í wẹ́ bíi ti Ìráànì. Ńlá ni, ó sì gbojú. Ẹni tó bá ń fi iye kókó díwọ̀n iyì kápẹ́ẹ̀tì Tibet ti gbé òṣùwọ̀n ọjà ẹlòmíì wọ ọjà yìí.

Òfì náà dúró lóòró, fọ́nrán ìnàró sì yípo igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta ṣe ń yípo. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ń yí i sẹ́yìn. Ọ̀pá kan ló mú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin pọ̀. Tí wọ́n bá fà á yọ, iṣẹ́ á kúrò lórí òfì, ojúbọ̀ kéékèèké á sì wà ní orí àti ìdí rẹ̀ dípò fọ́nrán gígé. Tẹ́ ẹ bá rí ojúbọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọkàn yín lè balẹ̀ pé ẹnì kan kò tíì gé e kúrú.

Irú kan wà tó máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ. Ní àfonífojì Wangden ní agbègbè Tsang, wọ́n ń hun ún débi pé fọ́nrán ìnàró ló bo gbogbo ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ ò ní rí kókó kankan. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọ̀nà àtijọ́ gan-an ni, àwọn mọ́ńkì ló sì ń jókòó lórí púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní ẹ̀dínwó torí pé òun náà kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrísí àti ìwọ̀n rẹ̀

Khaden ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń sùn lé. Ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú àti 180 ní gígùn, torí pé orí pèpéle tí wọ́n ń jókòó lé lọ́sàn-án, tí wọ́n ń sùn lé lóru, ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Kápẹ́ẹ̀tì ńlá tó kún pálọ̀ kì í ṣe àṣà ilé Tibet àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní méjì, tí wọ́n sì ń pè é ní ti ìgbà láéláé, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa rò.

Ìjókòó onígun mẹ́rin wà, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ti ẹṣin wà: ọ̀kan lábẹ́ gàárì, tí wọ́n ń pè ní makden, òmíràn lórí gàárì. Makden tọ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì méjì ni wọ́n hun lọ́tọ̀, tí wọ́n wá rán pọ̀ láàárín, kí irun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dorí kọ ilẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ẹṣin. Ẹ fi ọwọ́ pa á láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́: tí apá méjèèjì bá ń ṣàn, wọ́n rán an bó ṣe yẹ. Tí apá kan bá ń ṣàn tí ìkejì ń takú, odindi kan ni wọ́n hun, tàbí kí wọ́n ti pa ìdajì tí kì í ṣe ìbejì pọ̀. Ihò tí okùn gàárì ń gbà kọjá náà tún wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí etí ihò náà ti gbó.

Tsukdruk ni ti onírun gígùn, wúruwùru, tó ń mú ara gbóná lóru. Orí òfì tóóró ni wọ́n ti ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ bí aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ṣe ń di odindi ìbora á lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í wọ́n tó àwọn yòókù, ó sì rẹwà lọ́nà tirẹ̀. Nílé tí ọmọ kékeré tàbí ajá wà, kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, ìjókòó onígun mẹ́rin kan tó péye ni kó rà. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà lára khaden ńlá ló wà lára rẹ̀, ó rọrùn láti gbé yí padà, ó sì rọrùn láti tọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fọ́nrán ẹ̀yìn

Ẹ wo ẹnu àti etí, níbi tí irun ti jẹ, kẹ́ ẹ lè rí fọ́nrán ìnàró. Irun àgùntàn ni àbí òwú? Irun àgùntàn máa ń ní àwọ̀ ìpara tàbí pupa rúsúrúsú, irun wẹ́wẹ́ á sì máa yọ díẹ̀ lára rẹ̀. Òwú funfun, ó dán mọ́rán, ó sì dọ́gba.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni ọ̀nà tí ọjà gbà wọlé. Lọ́dún 1904, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Francis Younghusband ṣáájú wọn láti Íńdíà gba Gyantse, wọ́n sì wọ Lhasa, olú ìlú Tibet. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣòwò gba ọ̀nà Kalimpong, ìlú ọjà kan ní Íńdíà, kọjá gan-an, òwú tí ẹ̀rọ ran sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé Gyantse, ìlú tí iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti gbilẹ̀ jù. Nítorí náà, fọ́nrán ìnàró olówùú sábà máa ń fa kápẹ́ẹ̀tì wá sí ọ̀rúndún ogún. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ dòfin láti òdìkejì. Àwọn abúlé tó jìnnà sọ́nà ọjà ń fi irun àgùntàn ta òfì títí di ìgbà tó súnmọ́ wa, torí pé òun ló wà nílé. Òwú lè jẹ́ kẹ́ ẹ kọ̀ láti gbà pé ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀; irun àgùntàn nìkan kò tó kẹ́ ẹ fi gbà pé ó gbó.

Tí iyèméjì bá wà, ẹ tọrọ àyè láti fa fọ́nrán bíńtín kan yọ, ẹ fi iná ràn án. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, iná á kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á fọ́ lábẹ́ ìka. Òwú á rùn bí ìwé. Ike á yọ́, á dì, á le bí òkúta wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò wo fọ́nrán irun gan-an. Irun àgùntàn òkè Changthang, níbi tó ga ju mítà 4,000 lọ, gùn, ó lágbára, ó sì ní ọ̀rá tó máa ń jẹ́ kó dán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ran án láyé àtijọ́, nítorí náà ó máa ń nípọn níbì kan kó tín-ín-rín níbòmíì. Tí gbogbo fọ́nrán bá dọ́gba gélégélé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ló ran án. Lẹ́yìn 1959, nígbà tí Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn wọn, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá kúrò ní Tibet, iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tún bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó sá wá sí Darjeeling ní Íńdíà àti Jawalakhel ní Nepal. Nígbà tó yá, wọ́n ń po irun àgùntàn New Zealand pọ̀ mọ́ ti Tibet. Kápẹ́ẹ̀tì tó dára ni púpọ̀ nínú wọn o. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í ṣe ti àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: kíka kókó

Ẹ fi rúlà lé ẹ̀yìn, ẹ ka ínṣì kan lọ́nà ìbú, ẹ ka ínṣì kan lọ́nà òró, ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po. Tí ó bá jẹ́ 6 ní ìbú àti 8 ní òró, kókó 48 ló wà nínú ínṣì onígun mẹ́rin kan. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta, ó kéré tán. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyí: kókó kan yí fọ́nrán ìnàró méjì ká, nítorí náà ó lè yọ sẹ́yìn bí kókó kékeré méjì tó fara tira. Ẹni tó bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní 96 lọ́wọ́, á sì rò pé iṣẹ́ ààfin ló rí.

Ọ̀pọ̀ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà láàárín 30 sí 60. Ohun tẹ́ ẹ ń wá kì í ṣe pé kí iye náà pọ̀. Kó má dọ́gba níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ahunṣọ ń rẹ̀, ojú ọjọ́ ń yí, ọwọ́ kan ń lu òòyà ju èkejì lọ. Tí iye kan náà bá jáde níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí etí méjèèjì sì gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé lẹ ń wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aró

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lo àkókò jù nìyí.

Búlúù wọn, aró ẹ̀lú ni, tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà. Ẹni tó bá dàgbà sí Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo mọ ìwà ẹ̀lú: kì í jẹ́ kí búlúù kan ṣoṣo jáde nínú ìkòkò, ó ń lọ láti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé dúdú. Pupa wọn, láti gbòǹgbò madder ni, tàbí láti ara kòkòrò lac. Yẹ́lò, gbòǹgbò rhubarb orí òkè, pẹ̀lú alum tó ń di aró mú. Búráùn, èèpo walnut (kì í ṣe awùsá tiwa o). Fún àwọ̀ ewé, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú búlúù, wọ́n á tún rẹ ẹ́ sínú yẹ́lò. Yẹ́lò ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, nítorí náà ewé igi tó ti di búlúù lójú òdòdó jẹ́ ẹ̀rí pé ọjọ́ ti gorí ọjọ́ lórí iṣẹ́ náà.

Aró kẹ́míkà àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1856, nígbà tí William Henry Perkin ṣèèṣì rí àwọ̀ àlùkò nínú ìgò ní London. Kò pẹ́ tí irú wọn fi rìn gba Íńdíà dé orí òkè. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kò lágbára: oòrùn ń jẹ wọ́n, omi ń tú wọn. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n rèé. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì la irun kápẹ́ẹ̀tì sí méjì, bí ìgbà tí onídìrí ń la orí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ wo irun kan ṣoṣo láti ṣóńṣó dé ìdí. Aró gbòǹgbò àti ewé máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Ṣóńṣó á fúyẹ́, ìdí á jinlẹ̀, kò ní sí ààlà láàárín. Aró kẹ́míkà ìgbà náà máa ń ṣá lójijì: ṣóńṣó á ti di eérú tàbí àwọ̀ iyanrìn, ìdí á ṣì máa pariwo ní àlùkò tàbí ọsàn. Ẹ wo ìdí kókó lẹ́yìn náà, fún ìdánilójú.

Ìlànà yìí kò ṣiṣẹ́ fún búlúù. Láti 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì ti ń ta ẹ̀lú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ohun kan náà sì ni pẹ̀lú ti inú ewé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fi búlúù nìkan sọ ọjọ́ orí fún yín ń méfò.

Ẹ rin igun aṣọ funfun yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, pàápàá pupa. Tó bá jáde sára aṣọ, aró rẹ̀ kò dúró, ẹ kò sì ní lè fi omi fọ̀ ọ́ láéláé. Tó bá jẹ́ pé ibi tó gbó nìkan ló ń jáde, ẹnì kan ti fi bírò tàbí ọ̀dà kun ojú fọ́nrán tó hàn síta. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Dúdú àti búráùn tó ṣú tún ní ìwà tirẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń di aró wọn mú ló ń jẹ irun náà lọ láti inú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilà dúdú á rì wọlẹ̀, àwọ̀ yòókù á sì ga yọ bí iṣẹ́ ọnà igi. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rà á, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Àwọn oníjìbìtì ń fi sísọ́ọ̀sì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì máa ń gé ṣóńṣó rẹ̀ gbọọrọ. Èyí tí irin jẹ kì í dọ́gba, gàgà-gògò ló ń rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbígbó tòótọ́ àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe

Níbi tí ènìyàn ń jókòó tàbí ń sùn lé ni kápẹ́ẹ̀tì ti ń gbó: àárín, etí tí ẹsẹ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè bí wọ́n ṣe lò ó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbígbó náà bá ìdáhùn mu. Èyí tó gbó dọ́gba láti igun dé igun, wọ́n fá a ni. Èyí tí funfun rẹ̀ ní àwọ̀ tíì títí dé ìdí kókó, wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì ni, torí pé èéfín àti ọwọ́ ènìyàn kì í wọ ìdí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà bó lára, irun rẹ̀ á máa dán jù, fọ́nrán ẹ̀yìn rẹ̀ náà á sì ti ṣá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló yẹ kó pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́ jù.

Ẹ fi imú náà ṣiṣẹ́. Òórùn bọ́tà tí wọ́n fi ń tan àtùpà àti ti èéfín ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ máa ń dúró pẹ́ lára kápẹ́ẹ̀tì.

Nípa àyẹ̀wò rẹ́díò kábọ̀nù, èyí tí wọ́n fi ń wá ọjọ́ orí nǹkan, tí wọ́n sì máa ń fi ìwé rẹ̀ polówó ọjà: fún ohun tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1650 sí 1950, kì í lè sọ ọdún kan pàtó, torí pé iye rẹ́díò kábọ̀nù inú afẹ́fẹ́ lọ sókè sódò nígbà náà. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ kápẹ́ẹ̀tì yìí bọ́ sí. Ìwé tó bá sọ pé «ọdún 1780» lórí àyẹ̀wò yẹn nìkan, owó yín ló ń wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ó péye àbí wọ́n ti gé e?

Ẹ fi téèpù wọn ìbú níbi mẹ́ta àti gígùn níbi mẹ́ta. Ẹ wọn bọ́dà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí bọ́dà ìsàlẹ̀ bá tóóró ju ti òkè lọ gan-an, tàbí tí àwòrán bá kan etí láìparí, apá kan ti lọ. Púpọ̀ nínú wọn ní aṣọ pupa tí wọ́n fi gbá etí. Ti àtijọ́ ni, ẹ má tú u. Ṣùgbọ́n ẹ rọra gbé e pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ wo ohun tó bò mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá sì fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ gbogbo ẹ̀yìn, ẹ má rà á. Ẹ ò rí ẹ̀yìn, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ní ìparí, ẹ gbé igun kan sún mọ́ etí, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, fọ́nrán inú rẹ̀ ti jẹrà, pàápàá bó bá jẹ́ òwú tó ti rin nígbà kan rí. Kò sí àtúnṣe tó ń gba irú rẹ̀ là.

Àwòrán

Ẹkùn ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ẹkùn onílà ni mo ní, kì í ṣe ẹkùn alámì tótòtó ti igbó tiwa. Awọ ẹkùn ni àwọn àgbà nínú ẹ̀sìn wọn ń jókòó lé fún àṣàrò, kápẹ́ẹ̀tì sì dípò awọ: nígbà míì odindi ẹkùn pẹ̀lú orí àti èékánná, nígbà míì ilà lásán tó ń ṣàn bí omi. Lọ́dún 1988, wọ́n ṣe àfihàn wọn ní Hayward Gallery ní London. Látìgbà náà ni òkìkí wọn ti kàn, ayédèrú náà sì pọ̀. Bí ẹkùn bá ṣe rẹwà tó ni kẹ́ ẹ ṣe le koko tó lórí ìgbésẹ̀ márùn-ún tó ṣáájú.

Àwọn yòókù: àwòrán roboto mẹ́ta tí wọ́n tò sáàárín, òdòdó òṣíbàtà àti peony, dírágónì, kìnnìún orí yìnyín, ìkùukùu, owó onihò ti Ṣáínà, òkè àti omi ní ìsàlẹ̀ bọ́dà. Àmì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní yungdrung, tó jọ ti àwọn Nazi, àmì àìyẹsẹ̀ àti oríire ni lọ́dọ̀ wọn. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Jámánì. Èyí tí ọkàn wa fà mọ́ jù ni onígun-onígun tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́: àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré, kò sí ariwo, ẹ lè máa wò ó fún ọdún mẹ́wàá kó má sú yín. Wọ́n máa ń sọ pé bó bá ṣe rọrùn tó ló ṣe gbó tó. Irọ́ ni. Abúlé ń hun ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tí Gyantse ń hun dírágónì, lọ́dún kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn aládùúgbò. Kápẹ́ẹ̀tì òpó, tí dírágónì rẹ̀ ń pé nígbà tí wọ́n bá fi we òpó ilé ìjọsìn, Ningxia ní Ṣáínà ni wọ́n ti ń hun púpọ̀ nínú wọn fún àwọn mọ́ńkì Tibet. Ti Baotou àti ti Khotan, ìlú méjì míì ní Ṣáínà, náà máa ń wọ orúkọ Tibet lọ́jà. Bí wọ́n ṣe hun wọ́n ló ń tú wọn fó: ẹyọ kókó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ta, aporo orí ọ̀pá yẹn kò sí lójú wọn.

Kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ lọ fi ojú jẹun. Newark Museum of Art ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ti ń kó ohun Tibet jọ láti 1911. Victoria and Albert Museum ní London náà ní tiwọn.

Ìwé

Òfin kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣáínà kò jẹ́ kí ohun àtijọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1911 jáde, ti àwọn ẹ̀yà kéékèèké sì ni ṣáájú 1966. Nepal ń béèrè ìwé Department of Archaeology fún ohun tó bá lé ní ọdún 100. Íńdíà ní òfin 1972 fún irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè ọdún tó kúrò nílé àti ọwọ́ tó ti gbà kọjá, lórí ìwé. Èyí tó ti wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà láti bí ogójì ọdún, tí rìsíìtì wà fún, sàn ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ, bó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ.

Tó bá délé

Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Òólá lè ti yé ẹyin sínú rẹ̀, àti kòkòrò kékeré tó ń jẹ irun. Ẹ wo ẹ̀yìn àti abẹ́ aṣọ pupa etí rẹ̀ fún ihò, òwú bíi ti aláǹtakùn, àti ìgbẹ́ tó dà bí iyanrìn. Ẹ ká a, ẹ fi aṣọ òwú wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá láìsí ihò, ẹ gbé e sínú fírísà tó tó −20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó yára tutù ni àṣírí ibẹ̀. Tó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, kòkòrò á gbára dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan láàárín rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá fún ọjọ́ kan gbáko, kí ìrì lè wà lẹ́yìn ọ̀rá, kó má wọ inú irun. Káńfọ̀ kì í pa ẹyin nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀yin fúnra yín.

Eruku: ẹ na àwọ̀n ike sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á láti orí àwọ̀n, ní agbára tó kéré jù, kí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ́nrán má bàa wọlé. Ẹ yọ búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí kúrò. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má nà án lórí okùn bí ẹni ń na kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí. Èyí tó lágbára fún ènìyàn 50 ọdún sẹ́yìn lè ya lónìí. Omi? Lẹ́yìn àyẹ̀wò aṣọ funfun nìkan, omi tútù, ọṣẹ tí kò le, kó sì gbẹ ní títẹ́ pẹrẹsẹ lórí àwọ̀n, kí afẹ́fẹ́ máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Tí ohun kan bá ti jáde sára aṣọ funfun, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ títọ́jú aṣọ àtijọ́.

Ọ̀rinrin tó dáa fún un wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá kọjá 65, èébu á bẹ̀rẹ̀. Nílé tó wà ní etíkun, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ ò gbọdọ̀ fi í ti ara ògiri tó kàn síta, ẹ ò sì gbọdọ̀ dì í sínú ọ̀rá ike fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í pamọ́, ẹ má ṣẹ́ ẹ po. Ẹ ká a mọ́ páìpù, irun síta, lọ́nà tí irun ń sùn sí, ẹ fi aṣọ òwú tí wọ́n ti fọ̀ láìsí búlíìṣì bò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, ẹ má kan ìṣó sí i. Ẹ rán bẹ́líìtì òwú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀yìn òkè rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ gba àárín fọ́nrán, kó má gún fọ́nrán fúnra rẹ̀, ẹ wá fi Velcro, téèpù aláṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra, mú bẹ́líìtì náà mọ́ pákó orí ògiri. Oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án ní tààrà, iná náà kò gbọdọ̀ le. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ń tú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbá a kó má tú mọ́, kó mọ síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n hun irun tuntun dí gbogbo ibi tó gbó. Tí wọ́n bá sì ṣe é níbi kékeré kan, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, sínú ìwé kan náà tí ìwọ̀n, iye kókó, fọ́tò iwájú, fọ́tò ẹ̀yìn, fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti rìsíìtì wà.